Bí ọdẹ ṣe lè gba àgbọ̀nrín tó ti ṣubú lọ́wọ́ coyote

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ wá wo ọdẹ tó fi odindi ọjọ́ jókòó nínú òtútù, tó ta àgbọ̀nrín lọ́fà nírọ̀lẹ́, tó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ pé orí, awọ àti egungun ìhà nìkan ló bá nílẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ní Georgia, ní Alabama, ní Texas, ó sì ń kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ níbẹ̀. Georgia ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka ti ibi tí ẹ̀ ń gbé kí ẹ tó wọ igbó.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé lè má mọ coyote. Ẹbí ajá ni. Irun rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú tó dà pọ̀ mọ́ pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ kún, bó bá sì ń sáré, ìsàlẹ̀ ló máa ń na ìrù náà sí. Ti Georgia kì í sábà wúwo ju kìlógíráàmù 20 lọ. Kò sí ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn èèyàn pa ìkookò ibẹ̀ run ló ráyè tàn débẹ̀. Ní báyìí, kò sí ọ̀kan nínú county 159 tó wà ní Georgia tí ẹ ò ní bá a. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Hawaii nìkan ni kò sí. Ìdí àti ikùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹran ní jíjẹ, torí pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù, itan tí àwa ń retí ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá pé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ilẹ̀ á mọ́ bá egungun.

Àwọn ọdẹ ní oríṣiríṣi ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i: aṣọ tó ti gba òógùn, iná, rédíò. Màá dé orí gbogbo wọn. Àmọ́ kì í ṣe àwọn nǹkan yẹn ló ń gba ẹran sílẹ̀. Ibi tí ọta tàbí ọfà wọlé sí, àti bóyá ọdẹ mọ ìgbà tó yẹ kó dìde tẹ̀ lé ẹran rẹ̀, ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ìyókù kàn ń fún wa láyè wákàtí díẹ̀ ni.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ tọ́jú ìwé àṣẹ. Ní Georgia, ẹni tí wọ́n bí ní January 1, 1961 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ní láti ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ. Bí àsìkò ìbọn bá ti dé, ẹ wọ ẹ̀wù olómi-ọsàn tó ń tàn yòò tí òfin ní kí ọdẹ àgbọ̀nrín wọ̀.

Ẹrù tó yẹ kó wà nínú àpò yín kò pọ̀: ọ̀bẹ tó mú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, iná tí wọ́n ń dè mórí àti tọ́ọ̀ṣì míì tí bátìrì rẹ̀ kún, tíṣù funfun, okùn líle tó gùn tó mítà 10 ó kéré tán, irin olóbìírípo tí okùn ń gbà kọjá kí ẹrù lè fúyẹ́, àti àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń kó ẹran ìgbẹ́ sí. Ẹ fi ike kékeré kan tí ẹ rọ hydrogen peroxide sí kún un. Ẹ ó rí iṣẹ́ tó máa ṣe níwájú.

Ẹran tó fara gbọgbẹ́ kò mọ ààlà ilẹ̀. Ẹ lọ kí àwọn tó ni ilẹ̀ tó yí ibi tí ẹ ti ń dẹ ká, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù wọn kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹran bá wọ ilẹ̀ ẹlòmíì lóru, ẹ̀ ń wá ẹni tí ẹ máa bẹ̀ nígbà náà, coyote ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

2. Ibi tí ẹ máa yìn ín sí, àti aago tí ẹ máa yìn ín

Ẹ dúró títí ẹran á fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín, tàbí kó kọ ẹ̀yìn sí yín díẹ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú òdìkejì sì ń yọ. Ibi tí ẹ máa wò ni ẹ̀yìn èjìká gan-an, ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ àyà. Ibẹ̀ ni fùkù méjèèjì àti ọkàn wà. Bó bá kọjú sí yín, tàbí tó kọ ìdí sí yín pátápátá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Inú ṣàkì ni ọfà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá lọ, ẹran tó sì gbọgbẹ́ ní ṣàkì ni coyote ń rí jẹ jù lọ.

Òfin Georgia gbà ká yìnbọn tàbí ká ta ọfà sí àgbọ̀nrín láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá wọ̀. Òótọ́ ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìkẹyìn yẹn ni àgbọ̀nrín máa ń jáde jù. Òun náà ni coyote máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ẹni tó bá ta ọfà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, inú òkùnkùn ló máa wá ẹran rẹ̀, tòun ti àwọn tí imú wọn mú jù ú lọ. Èrò tèmi ni pé kí ọlọ́fà má ta ohunkóhun lásìkò yẹn àfi bí ẹran bá súnmọ́ ọn gan-an, tó dúró jẹ́ẹ́, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ hàn án. Oṣù Kẹsàn-án ni ọdẹ ọlọ́fà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ooru ṣì mú, ẹran tó bá sùn síta lè ti bàjẹ́ kí coyote tó débẹ̀ rárá.

3. Lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín tán

Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀gùn. Ẹ wo bó ṣe ṣe. Bó bá fò sókè, tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ta sẹ́yìn, tó sì sáré pẹ̀lú agbára, ọkàn tàbí fùkù ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ká ẹ̀yìn kò, tó rìn díẹ̀ díẹ̀ lọ, tó ń dúró wo ẹ̀yìn, inú ni ó bà. Ẹ mú igi kan tàbí òkúta kan tí ẹ rí i kẹ́yìn níbẹ̀ sójú, kí ẹ ya fọ́tò apá ibẹ̀ láti orí igi kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, torí pé ibẹ̀ máa ń yí padà lójú ẹni téèyàn bá dé ilẹ̀. Ẹ tún dẹtí. Ẹran tó bá ṣubú máa ń fọ́ igi gbígbẹ, ó sì lè jà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nígbà míì ẹ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

4. Ẹ ka ẹ̀jẹ̀

Ọdẹ tó bá mọ ẹ̀jẹ̀ kà kò ní fi bẹ́ẹ̀ bá coyote du ẹran. Ẹ lọ síbi tí ẹran dúró sí nígbà tí ẹ ta á, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ wá ọfà yín. Ẹ fi tíṣù funfun nù ún, kí ẹ tan iná sí tíṣù náà. Lórí ọfà fúnra rẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dàbí ara wọn lóru. Lórí funfun ni ìyàtọ̀ ti ń yọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n fòò, tó ń hó, tí ìfófòó wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, fùkù ló ti wá. Ẹran yẹn ti kú tàbí ó ń kú lọ, kì í sì í sábà kọjá mítà 150. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n dúdú, tó ki, tí kò hó, ti ẹ̀dọ̀ ni. Ó máa kú, àmọ́ kì í ṣe kíá. Bí ohun tó wà lórí tíṣù bá jẹ́ omi aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, tí èérún koríko tàbí ti àgbàdo tó ti jẹ wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sí imú. Bó bá ń rùn bí ìgbẹ́, ṣàkì tàbí ìfun ni ọfà gbà kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n, tí kò hó, tó pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń kán tó-tó-tó títí tó fi dá, itan tàbí èjìká lásán ni, ẹran bẹ́ẹ̀ sì lè yè.

Ẹ wo irun náà. Irun funfun nílẹ̀ fi hàn pé ìsàlẹ̀ ikùn ni ẹ bà. Oníbọn kò ní ọfà tó máa nù, nítorí náà irun àti ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ewé nìkan ni ẹ̀rí tirẹ̀.

5. Ṣé ká lọ ni, àbí ká dúró?

Ti fùkù àti ọkàn kò le: ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Bó bá ṣubú lójú yín, ẹ lọ bá a.

Ti ẹ̀dọ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí aago méje alẹ́ ni ẹ ta á, aago mọ́kànlá ni ẹ máa padà wọ igbó. Ẹ má sùn lé e di àárọ̀. Ẹran yẹn á ti kú tipẹ́, òórùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì ti tàn ká.

Ti ṣàkì ni ìṣòro. Ohun tí àwọn àgbà ọdẹ ibẹ̀ ń kọ́ni ni pé ká fún un ní wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹran tó gbọgbẹ́ níbẹ̀ kì í rìn jìnnà bí ẹnikẹ́ni kò bá lé e. Á wá ibi tó ṣú, á dùbúlẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Wákàtí méjìlá yẹn náà ni coyote ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ẹ̀rù á bà tí wọ́n bá gbọ́ igbe coyote lókèèrè, wọ́n á gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì wọlé lẹ́yìn wákàtí kan. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹran tí ẹ bá ta jí níbi tó dùbúlẹ̀ sí á dìde, á sáré bóyá kìlómítà kan, kò sì ní kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ mọ́ torí pé ìfun á ti dí ojú ọgbẹ́. Ẹ̀yin ò ní rí i mọ́, imú coyote á rí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó yára nítorí coyote ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹran fún un.

Igbe yẹn pàápàá máa ń tan èèyàn jẹ. Coyote méjì lè ké kí ẹ rò pé wọ́n tó mẹ́wàá, wọ́n sì máa ń ké ní ìrọ̀lẹ́ yálà ẹran wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Èyí tó yẹ kó gbé yín dìde ni ariwo ìjà, kíké wuu-wuu àti gbígbó lójú kan náà, ní apá ibi tí ẹran yín gbà lọ. Nígbà yẹn, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ojú ọjọ́ ló máa bá yín pinnu ìyókù. Bí òtútù bá wà ní nǹkan bí 4°C tàbí tó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran á dúró di àárọ̀. Bó bá ti kọjá 10°C, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́fà, kí ẹ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lóru. Ọ̀nà tó dára ju méjèèjì lọ ni ajá tó mọ ipa ẹ̀jẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní United Blood Trackers, wọ́n ní àkọsílẹ̀ àwọn tó ní irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Okùn ni wọ́n fi ń mú ajá náà, ó sì lè rí ẹran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá. Bí ẹ bá fẹ́ pe ajá, ẹ má tẹ ojú ipa náà mọ́lẹ̀ kó tó dé.

6. Títẹ̀ lé ipa ẹ̀jẹ̀ lóru

Ẹ má dá lọ. Ẹni kan dúró síbi ẹ̀jẹ̀ tó kẹ́yìn, èkejì wá èyí tó kàn. Ẹ fi tíṣù kọ́ ẹ̀ka igi níbi gbogbo tí ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn, ìlà tíṣù náà á fi hàn yín apá ibi tó ń lọ. Ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa, kì í ṣe lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó pọ́n tí kò dá yín lójú, ẹ wọ́n hydrogen peroxide sí i: ẹ̀jẹ̀ á hó, ewé tó pọ́n lásán kò ní hó.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé fùkù ló bà, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ sókè. Coyote ń bẹ̀rù èèyàn, ohùn yín á sì lé e sẹ́yìn. Ti ṣàkì ni kí ẹ dákẹ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nínú igbó lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn tó ní ọta nínú, ọdẹ òru ni wọ́n máa pè é, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni kéèyàn dẹ àgbọ̀nrín lóru. Nílé, iná orí àti ìbọn ni ọdẹ wa fi ń jẹun. Níbẹ̀, ó lè gba ìwé àṣẹ yín. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ DNR (Department of Natural Resources), iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí igbó àti ẹran inú rẹ̀, ní county yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ wọlé lọ gbé ẹran tí ẹ ti ta, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe. Ẹ má sì ṣe yìnbọn sí ojú tó ń tàn nínú òkùnkùn. Ó lè jẹ́ ajá ẹni kan, ó sì lè jẹ́ èèyàn.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ ò tíì rí i, ẹ wo etí odò àti ibi tí igbó ti dí. Ẹ tún wo òkè. Igún kì í ṣiṣẹ́ lóru, àmọ́ bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, igún olórí pupa á fi imú wá òkú ẹran, igún dúdú á sì fi ojú tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n bá ti ń yí po ni kí ẹ gbà lọ.

7. Ẹran ti wà nílẹ̀

Ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, kí ẹ fi igi gígùn kan kan ojú rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ́jú, ó ti kú. Ní Georgia, ẹ ní láti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ọdẹ yín kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ròyìn rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Bí ẹ bá lè wọ́ ọ jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ wọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibi tó ti le ni ìgbà tí ẹ bá dá nìkan wà, tí mọ́tò jìnnà, tí ẹ sì ní láti fi í sílẹ̀ lọ pe èèyàn. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí, ẹ má ṣe yí i padà: ẹ la inú rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ìfun, ṣàkì àti fùkù jáde, kí ẹ wá wọ́ ara ẹran kúrò níbẹ̀ tó nǹkan bí mítà 100. Òórùn ìfun ló lágbára jù. Coyote tó bá dé á kọ́kọ́ dúró tì í, ibẹ̀ ni yóò ti jẹun fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó sì ti padà dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ lu ihò sáàárín egungun àti iṣan líle tó wà ní oríkèé tó ká sẹ́yìn lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ ti igi líle bọ ibẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn láàárín, kí ẹ sì fà á sókè lórí ẹ̀ka tó lè gbé e. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà méjì ga sí ilẹ̀, torí pé coyote máa ń fò. Bó bá wúwo ju agbára yín lọ, ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ẹ kó o sínú àpò aṣọ, kí ẹ gbé wọn kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ á tún ráyè fẹ́ sí i, ẹran á tètè tutù.

Bí kò bá sí igi tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi gbalasa. Ẹ má fi ewé bò ó; ẹni tó ń fi imú wá nǹkan, ewé kò dí i lọ́wọ́, ẹ̀yin ni kò ní tètè rí i. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Nílé, ìjàlọ ni ọdẹ ń sá fún. Ní Georgia, èèrà pupa tí wọ́n ń pè ní fire ant ló wà, òkìtì wọn pọ̀ létí oko, wọn á sì bo ẹran kíá.

Ìgbà yìí ni aṣọ wúlò. Ẹ bọ́ ẹ̀wù tó ti gba òógùn lára yín, kí ẹ tẹ́ ẹ lé ẹran lórí, pàápàá ìdí àti ikùn. Ẹ tọ̀ yí i ká. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàbí iná tó ń ṣẹ́jú sílẹ̀, kí ẹ so ọ̀rá kan mọ́ igi kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n ọ́n. Rédíò kékeré tó ń sọ̀rọ̀ dára ju èyí tó ń kọrin lọ, torí pé ohùn èèyàn ni coyote ń sá fún. Gbogbo èyí á mú kó máa yí ibẹ̀ po, kó máa wò ó, fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò ṣọ́ ẹran di àárọ̀. Ebi á borí ìbẹ̀rù.

8. Bí coyote bá ti débẹ̀ ṣáájú yín

Ẹ pariwo, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ máa lọ síwájú. Wọn á sá. Ẹ má sáré padà, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí wọn. Èyí kò kan ibi tí béárì grizzly wà, bíi Montana, Wyoming àti Idaho. Bó bá jẹ́ òun lẹ bá lórí ẹran yín, ẹ fi ẹran sílẹ̀ fún un, kí ẹ fà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹran tí coyote ti jẹ lára rẹ̀, torí àrùn dìgbòlugi. Bó bá jẹ́ itan kan nìkan ló jẹ, tí òtútù wà, tí ikùn kò sì tíì ya, ẹ gé ibi tí eyín kàn dànù, kí ẹ gé kọjá rẹ̀ dáadáa, ìyókù ṣeé jẹ bí ẹ bá sè é jinná dénú. Bí wọ́n bá ti fa ìfun ya sínú ẹran, tí ooru sì mú mọ́jú, ẹ má tan ara yín. Ẹ jù ú nù. Ó ṣì wà nínú iye ẹran tí òfin gbà yín láyè láti pa lọ́dún yẹn, nítorí náà ẹ ròyìn rẹ̀.

Ìfun tí ẹ dà sílẹ̀ náà wúlò. Coyote á padà síbẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ọdún ni Georgia sì gbà kí ọdẹ pa á lórí ilẹ̀ àdáni. Ẹni tó bá fẹ́ dín wọn kù níbi tó ti ń dẹ lè gun ẹ̀gùn kí ilẹ̀ tó mọ́, kó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó ṣọ́ ọ, pẹ̀lú irú ohun ìjà tí òfin àsìkò yẹn gbà. Àmọ́ láti January 2025 tí wọ́n ti rí àrùn ọpọlọ àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní CWD ní Lanier County, wọn kò fẹ́ kí orí àti egungun ẹ̀yìn àgbọ̀nrín máa rìn káàkiri láti apá ibẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń dẹ nítòsí ibẹ̀, ẹ bi DNR níbi tó yẹ kí ẹ da àwọn èyí sí kí ẹ tó kó wọn sínú mọ́tò.